Ìbòrí Adágún Tí Mo Yàn

"Wò ó dáadáa, ọmọ mi," ni Ẹnjinía Theophilus wí.

Wọ́n ti bu omi kún abọ́ ìfọṣọ ńlá kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, wọ́n sì tẹ́ ègé ìbòrí aláwọ̀ búlúù kan lé ojú omi náà. Ìbòrí ọ̀hún rẹwà. Ó tẹ́jú, ó ń dán, ó sì ní àwọn kókó róbótó-róbótó tí afẹ́fẹ́ wà nínú wọn. Ẹnjinía ní kí n mú agolo tòmátò kan wá láti ilé ìdáná. Wọ́n rọra gbé agolo náà lé ìbòrí lórí. Ìbòrí tẹ̀, ó ká mọ́ agolo, ó gbé e mì, ó sì padà tẹ́jú bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ṣé o rí i? Ìbòrí ewé lèyí, kì í ṣe ìbòrí ọmọ. Ó ń gba ewé àti eruku, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè tutù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, ìsàlẹ̀ ló ń lọ, ẹni tó wà lókè kò sì ní rí i mọ́."

Wọ́n fa òmíràn jáde, aṣọ tó nípọn bíi tapólì tí wọ́n fi ń bo ẹrù tírélà. Wọ́n ní bẹ́líìtì ni wọ́n fi ń so ó mọ́ irin tí wọ́n rì mọ́ sìmẹ́ńtì yí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ká, bí wọ́n bá sì so ó le, àgbà lè rìn lórí rẹ̀ kó má rì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi fọ́tò ọgbà onírin kan hàn mí. Ọgbà náà ga dé àyà mi, àwọn irin rẹ̀ sún mọ́ra débi pé orí ọmọ kékeré kò lè gba àárín wọn kọjá. Kò sí ibi tí ọmọ lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti gùn ún. Géètì rẹ̀ máa ń pa ara rẹ̀ dé, ìkọ́ rẹ̀ sì wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

"Ọgbà lẹ máa kọ́kọ́ ṣe," ni Ẹnjinía wí. "Ìbòrí tó le ló tẹ̀lé e. Èyí tó rẹwà yìí, ẹ lè rà á tó bá wù yín, àmọ́ kó má dá wà. Sọ fún bàbá rẹ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti gbọ́, sà," ni mo dáhùn.

Mo gbọ́ lóòótọ́. Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, kò sí ariwo níbẹ̀, òjò ò sì rọ̀. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi àìgbọ́ bojú.

Orúkọ mi ni Ummulkulthum. Ummu ni wọ́n ń pè mí nílé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, mo sì wà ní SS2. Ará Òwu ni wá nílùú Abẹ́òkúta, òwò ni ìdílé wa ń ṣe láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wa. Bàbá mi, Alhaji Mọ́nsúrù, ń ta ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì ní Láfẹ́nwá. Nígbà tí orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n lẹ́nu, dókítà ní kí wọ́n máa lúwẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bàbá mi kò lúwẹ̀ẹ́ rí láyé wọn. Wọ́n ní àwọn kò sì lè máa bọ́ra sílẹ̀ níwájú èrò ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n wá ní kí Ẹnjinía Theophilus gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sẹ́yìn ilé tuntun tí a kọ́ sí Ìdí-Abà. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Alhaji ti gbé odò Ògùn wálé.

Bàbá mi kò kàwé púpọ̀. Ohunkóhun tí ìwé tàbí fóònù bá ti wọ̀, èmi ni wọ́n ń fà á lé lọ́wọ́. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ọgbà àti ìbòrí, wọ́n ní, "Ummu, ìwọ àti Ẹnjinía lẹ máa yan èyí tó dáa. Bí o bá ti sọ fún mi pé ó tó, ó tó nìyẹn. Ìwọ ni ojú mi níbẹ̀."

Orí mi wú. Nínú gbogbo ọmọ tó wà nílé, èmi ni wọ́n pè ní ojú wọn.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ọmọ kan. Àǹtí Àlímátù, àbúrò bàbá mi, ni wọ́n jọ ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi wá ọmọ kí wọ́n tó bí Mùs'áb. Orí ẹní ni Mùs'áb ti kọ́ ìjókòó, orí kápẹ́ẹ̀tì ló ti kọ́ ìrìn. Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi de ọmọdé ní ṣọ́ọ̀bù wa, pé kó bọ́ bàtà kó tó tẹ ẹní, nítorí oníbàárà kì í ra ẹní tí ẹsẹ̀ ti dọ̀tí. Mùs'áb mọ òfin yìí ju orúkọ bàbá rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti tẹ́ ẹní tuntun sílẹ̀ báyìí, á jókòó, á bọ́ bàtà rẹ̀ méjèèjì, á tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó tó wá máa sáré kiri lórí rẹ̀. Àwọn oníbàárà a máa fún un ní bisikíìtì nítorí ìwà yìí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni.

Ìlérí ni ọ̀rẹ́ mi ní kíláàsì. Ọmọ Igbein ni, tíṣà ni màmá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Lọ́jọ́ kejì lẹ́yìn tí Ẹnjinía wá, mo fi fọ́tò ọgbà náà hàn án lórí fóònù lásìkò ìsinmi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Ummu, kí ni ẹ fẹ́ máa sìn níbẹ̀? Ewúrẹ́ àbí àgùntàn?"

Àwọn ọmọbìnrin tó yí wa ká bú sẹ́rìn-ín. A ti jọ ṣàdéhùn pé bí a bá parí ìdánwò àárín sáà, wọ́n máa wá sílé wa, a máa ki ẹsẹ̀ bọ omi, a máa ya fọ́tò tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ máa rí. Ìlérí ní bí irin bá ti yí omi ká bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn á rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n la ti ya fọ́tò. Mo wá fi ti ìbòrí búlúù hàn án.

"Ẹ̀n-ẹ́n, èyí dáa," ló wí. "Èyí nìkan ni kí ẹ lò."

Ìlérí kò mọ ohun tí Ẹnjinía fi agolo tòmátò ṣe. Èmi mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe bá Ìlérí wí bí ẹ ti ń kà á, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ló sọ, èmi ni mo sọ ọ́ di òfin.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá mi bi mí pé ibo la bá ọ̀rọ̀ dé.

"Bàbá, Ẹnjinía ní ìbòrí búlúù yẹn tó. Wọ́n ní kò sí ìdí fún ọgbà."

"Ṣé ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá mi mí kanlẹ̀. "Alhamdulillah. Kò kúkú wù mí kí n ṣe ọgbà sínú ọgbà. Àwọn ará ilé wa ní Òwu á ní mo fi irin lé ọmọ wọn sẹ́yìn."

Ohun tí wọ́n sọ yìí yé mi. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ilé wa ni mọ̀lẹ́bí ń wá jẹun. Géètì wa kì í tì lọ́jọ́ náà. Ní agbo ilé tí bàbá mi ti dàgbà ní Òwu, ọmọ ẹbí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, kò sì sí ibi tí wọ́n ní kó má dé. Bí bàbá mi ṣe fẹ́ kí ilé tuntun yìí náà rí nìyẹn. Irọ́ mi bá ohun tó wà lọ́kàn wọn pàdé, wọ́n sì gbà á wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sọ fún Ẹnjinía pé bàbá mi ní kí wọ́n má ṣe ọgbà, pé ìbòrí búlúù nìkan ni àwọn fẹ́.

Ẹnjinía gbé tépù ìwọnlẹ̀ ọwọ́ wọn kalẹ̀. "Ṣé o sọ ohun tí mo fi hàn ọ́ fún wọn?"

"Mo sọ ọ́, sà."

Kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n pe bàbá mi lórí fóònù. Ọjọ́ ọjà ni lọ́jọ́ náà, ariwo Láfẹ́nwá ń dé ọ̀dọ̀ wa láti inú fóònù. Mo gbọ́ tí bàbá mi ń pariwo pé, "Ẹnjinía, ohun tí ọmọ mi bá ti sọ, òun náà ni mo sọ. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, mo wà pẹ̀lú oníbàárà." Ẹnjinía wo fóònù, wọ́n wo èmi náà. Mo ṣe bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Irọ́ tí mo pa fún bàbá mi àti èyí tí mo pa fún Ẹnjinía bára mu bí igbá àti ọmọrí rẹ̀, kò sí ẹni tó lè rí àárín wọn.

A parí ìdánwò, àwọn ọ̀rẹ́ mi wá, a ki ẹsẹ̀ bọ omi, a ya fọ́tò. Fọ́tò náà dáa. N kò lè wò ó mọ́ báyìí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kẹta lẹ́yìn tí omi dé inú adágún ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Mọ̀lẹ́bí kún ilé, wọ́n ń jẹ ìrẹsì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà tó wá láti Òwu bi bàbá mi léèrè pé, "Mọ́nsúrù, omi ẹ̀yìnkùlé yìí ńkọ́? Àwọn ọmọ pọ̀ níbí o."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," ni bàbá mi dáhùn. "A ti bò ó. Ẹnjinía ní ìbòrí yẹn tó. Ummu ló bójú tó gbogbo ẹ̀."

Mo wà nítòsí pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ mi, mo dìde, mo lọ wo ẹ̀yìnkùlé láti ojú fèrèsé. Ìbòrí náà wà lójú omi, kò sí ọmọ kankan nítòsí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí n sọ nígbà yẹn, pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí ọmọdé dé ẹ̀yìn, ìbòrí yẹn kì í gbé ọmọ. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀. Ojú á tì mí níwájú gbogbo ẹbí. Mo padà lọ jókòó, mo ń bá fóònù mi lọ.

Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ohùn Àǹtí Àlímátù. "Ta ló rí Mùs'áb fún mi?"

Wọ́n bèèrè rẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ìyá ṣe ń bèèrè ọmọ nílé tí èrò pọ̀ sí. Ẹnì kan ní ó wà pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń ṣeré ní iwájú. Ẹlòmíràn ní ó lọ mumi. Wọ́n wo iyàrá, wọ́n wo ilé ìwẹ̀, wọ́n wo abẹ́ ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin sáré jáde sí títì nítorí géètì tó ṣí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìnkùlé, nítorí wọ́n ti sọ fún wọn pé a ti bo omi. Èmi ni ẹsẹ̀ mi gbé lọ síbẹ̀.

Bàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé méjì wà létí adágún. Kò dà bí bàtà ẹni tó ń sáré tó já sílẹ̀. Ó bọ́ wọn, ó sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ìbòrí búlúù náà tẹ́jú kalẹ̀ nínú oòrùn, kò fi ibì kan ká. Ẹní tuntun ni Mùs'áb pè é. Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́, àmọ́ èmi tí wọ́n ti fi hàn pé oògùn ni ńkọ́?

N kò mọ irú igbe tí mo ké. Bàbá mi sáré dé, wọ́n sì bẹ́ sínú omi pẹ̀lú jalabíà Jímọ̀ lọ́rùn wọn. Wọ́n fa ìbòrí ya, wọ́n ń fi ọwọ́ wá a kiri títí wọ́n fi gbé e jáde. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láyà, wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Nílé ìwòsàn, dókítà kò pẹ́ kó tó jáde sí wa. Ó mi orí. Wọ́n sin Mùs'áb sí Òwu kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀.

Àwọn èèyàn wá kí wa kú ọ̀fọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Obìnrin kan di ọwọ́ Àǹtí Àlímátù mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwe tí wọ́n fi ń tu abiyamọ nínú kí wọn, ó ní, "Ẹ mú ọkàn le, omi ló dànù..." Ó rántí irú ikú tó pa ọmọ, kò lè parí rẹ̀ mọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì bú sẹ́kún. Àǹtí Àlímátù fúnra wọn ló tún wá ń rẹ obìnrin náà lẹ́kún.

"Àmúwá Ọlọ́run ni," ni Àǹtí ń wí. "Ọlọ́run ló fún mi, Ọlọ́run ló gbà á."

Wọ́n ń tún un sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, wọ́n dì í mú bí ẹni di tẹ̀sùbáà mú. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti sọ ọ́, mo máa ń jáde síta.

Ẹnjinía Theophilus wá lọ́jọ́ kẹta. Wọ́n ṣí fìlà lórí, wọ́n kí bàbá mi kú ọ̀fọ̀. Bàbá mi kò dáhùn ìkíni náà.

"Ẹnjinía, ẹ̀yin lẹ ní ìbòrí yẹn tó."

"Èmi kọ́, Alhaji. Mo sọ fún ọmọ yín pé ìbòrí ewé ni. Mo ní ọgbà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe."

Gbogbo ojú tó wà nínú pálọ̀ yí sọ́dọ̀ mi. Àǹtí Àlímátù náà gbójú sókè.

"Ummu," ni bàbá mi wí, "ṣé wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

Mo mọ̀ pé ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo wo Àǹtí Àlímátù, mo sì rò ó pé bí mo bá jẹ́wọ́, ojú tí wọ́n máa fi wò mí á pa mí.

"Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀, sà."

Ẹnjinía wò mí pẹ́ títí. Kò sí ìbínú lójú wọn, ìyàlẹ́nu ló wà níbẹ̀. Wọ́n dé fìlà wọn padà. "Ọlọ́run rí gbogbo wa," ni wọ́n wí, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Bàbá mi ń sọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́yìn títí wọ́n fi dé géètì, àwọn ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ lẹ́nu bàbá mi rí.

Ọ̀rọ̀ ò ní ẹsẹ̀, síbẹ̀ ó ń rìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo Láfẹ́nwá ti gbọ́ pé Ẹnjinía kan ló tan Alhaji Mọ́nsúrù jẹ tí ọmọ fi kú. Mo ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, mo ń bọ̀. Mo ń sọ fún ara mi pé bópẹ́ bóyá, ọ̀rọ̀ náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kan, Ìlérí pè mí sẹ́yìn kíláàsì. Ẹnu tó mú bí abẹ yẹn kò mú mọ́ lọ́jọ́ náà.

"Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ni Ẹnjinía Theophilus," ló wí. "Ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n jókòó sí lánàá, wọn ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wọn ti gbà á padà. Àwọn kan ń pè wọ́n ní apọmọ." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ummu, ìwọ lo fi fọ́tò ọgbà yẹn hàn mí. Ẹnjinía ló fún ọ, àbí? Kí ló dé tí wọ́n wá ní wọn ò sọ fún yín?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Ṣé torí ohun tí mo sọ ni?" Mo ní rárá. Ìyẹn ni òótọ́ àkọ́kọ́ tí mo sọ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

N kò dúró kí wọ́n lu aago ìparí ilé ẹ̀kọ́. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Láfẹ́nwá, mo bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn nìkan ni wọ́n wà níbẹ̀, nítorí Àǹtí Àlímátù kò tíì lè padà sí àárín ẹní. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ láti orí agolo tòmátò dé orí irọ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá mi jókòó lé kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ká. Oníbàárà kan dé, ó kí wọn, wọn kò dáhùn, ó sì yí padà. Ladánì pe ìrun Àsárì, bàbá mi tí kì í jẹ́ kí ìrun kọjá kò dìde.

"Ojú mi ni mo pè ọ́," ni wọ́n wí níkẹyìn. "Mo wá ń fi ojú ara mi ṣìnà, mo ń bú ẹni tó rí ọ̀nà."

Ó sàn kí wọ́n nà mí. Wọn kò nà mí. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n wọ ọkọ̀, a sì lọ sí ilé Ẹnjinía ní Igbein.

Ẹnjinía Theophilus ń ka ìwé ìròyìn ní iwájú ilé wọn. Kí wọ́n tó dìde, bàbá mi ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, tàwọn ti orúnkún tó ń dùn wọ́n. N kò rí i kí bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún ẹgbẹ́ wọn rí. Èmi náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, mo tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà sọ. Ẹnjinía fa bàbá mi dìde, ojú wọn kún fún omi.

"Alhaji, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Ọkàn mi ò balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó yẹ kí n wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù. Irú ọ̀rọ̀ báyìí, àgbà méjì ló yẹ kó jókòó sọ ọ́, a ò gbọdọ̀ fi rán ọmọ."

"Èmi ni mo fi rán an," ni bàbá mi wí.

Wọ́n jókòó ti ara wọn, àwọn àgbà méjèèjì, wọ́n ń sunkún. Èmi ni mo fa ẹkún náà, n kò sì ní ẹnu láti rẹ ẹnikẹ́ni lẹ́kún. Nígbà tí a padà dé inú ọkọ̀, bàbá mi ní, "Màá lọ káàkiri Láfẹ́nwá, màá tún ohun tí mo sọ nípa wọn ṣe. Ti Àlímátù ló kù. Èmi ò ní bá ọ lọ síbẹ̀. Ìwọ nìkan ni wàá lọ."

Mo lọ sí Òwu ní ọjọ́ kejì. Àǹtí Àlímátù jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n rò pé mo wá kí wọn ni, wọ́n na ọwọ́ sí mi pé kí n wá jókòó ti àwọn. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo dúró sí. Mo sọ ọ́ láìfi ọ̀kan pamọ́. Bí mo ti ń sọ ọ́ lọ, ọwọ́ tí wọ́n nà sí mi ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Wọn kò pariwo. Wọn kò gbé mi ṣépè.

"Àmúwá Ọlọ́run ni mo fi ń tu ara mi nínú, Ummu. Òun ni mo fi ń sùn. O ti wá gbà á lọ́wọ́ mi báyìí."

Mo dojú bolẹ̀, mo ń bẹ̀ wọ́n.

"Mo gbọ́," ni wọ́n wí. "Ó dáa tí o sọ ọ́. Màá gbàdúrà kí n lè dárí jì ọ́. N kò tíì lè ṣe é lónìí. Dìde, máa lọ sílé."

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Àǹtí Àlímátù ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì máa ń dáhùn bí mo bá kí wọn. Wọn kì í wá sílé wa lọ́jọ́ Jímọ̀ mọ́. Iṣẹ́ ti ń padà sọ́wọ́ Ẹnjinía Theophilus díẹ̀díẹ̀, bàbá mi sì ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó pè wọ́n. Ọgbà onírin yí adágún ká, géètì rẹ̀ ń pa ara rẹ̀ dé, ìbòrí tó nípọn sì wà lójú omi, wọ́n so ó mọ́ sìmẹ́ńtì yíká. Àwọn ará Òwu tó ń wá kò bínú sí ọgbà náà rárá. Gbogbo ohun tó yẹ ká ṣe ṣáájú la ti ṣe tán, ẹni tí wọn ì bá ti dáàbò bò ni kò sí mọ́.

Àwọn àgbà ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bí wọ́n bá fi iṣẹ́ rán yín, ẹ jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán an, pàápàá bí ó bá kan ẹ̀mí ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ fi ìkìlọ̀ àgbà pamọ́. Bí ẹ bá sì ti pa irọ́ ná, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí ìjẹ́wọ́ ṣì lè gba ẹnì kan là. Ìtìjú tí mo ń sá fún lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn kò lè ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá mi, mo ti tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ẹnjinía, mo sì ń tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Àǹtí Àlímátù títí di òní. Wọ́n ń dá mi lóhùn, olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo ṣẹ̀ jù lọ, ọmọ ọdún mẹ́ta ni, n kò sì mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀ ẹ́.